Ọmọ kékeré nílé: àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu ìyá àti bàbá ọmọ

Ìbéèrè kan náà ló ń yí po, mo wá kó wọn jọ síbí kó má bàa di pé mò ń tún un sọ lójoojúmọ́. Látorí ìkókó títí dé bí ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ń bá wí. Èmi kì í ṣe dókítà o, ìyá ọmọ n'Ìbàdàn ni mí, ibi tó bá ti di ti ọsibítù màá sọ pé ẹ gbé ọmọ lọ.

Ṣé mo lè fún ọmọ mi lómi kó tó pé oṣù mẹ́fà? Ooru yìí ti pọ̀ jù.

Rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú ìyá, tí ooru bá mú, ẹ kàn máa fún un lọ́mú léraléra. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ibi àbẹ́rẹ́ ń pariwo ẹ̀ tipẹ́: oṣù mẹ́fà gbáko, ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí gúlúkóòsì. Ikùn ọmọ kéré, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i, àyè ọmú ló gbà, tí omi ọ̀hún ò bá wá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo lọmọ ń mu, omi tẹ́ ẹ fi pò ó ti tó o.

Lójú tèmi, òùngbẹ ò gbẹ ọmọ, àwọn àgbà inú ilé lọkàn wọn ò balẹ̀. Ẹ wo ìtọ̀ ọmọ. Tó bá ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ìtọ̀ náà ò pọ́n, omi ara ẹ̀ pé. Ẹ gbé páńpásì tó ti kún fún ìyá àgbà dání, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé lọ.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ ògì, kí ni mo sì lè fi sí i?

Tó bá ti pé oṣù mẹ́fà. Ọmú ò dúró o, ẹ lè máa fún un lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògì lásán máa ń yó ọmọ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é lóore, pàápàá èyí tó ṣàn lọ rẹrẹ tí wọ́n ń rọ sínú fídà. Ẹ jẹ́ kó ki kó lè dúró lórí ṣíbí, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan sí i, edé tẹ́ ẹ lọ̀ kúnná, ẹ̀pà lílọ̀, sóyà, ẹyin tó jinná dénú, ẹja tẹ́ ẹ ti ṣa egungun ẹ̀ kúrò, epo pupa ṣíbí kékeré kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, inú ìkòkò ilé náà loúnjẹ ọmọ wà, ẹ ṣáà bu tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ata sí i. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ rún, ànàmọ́, àmàlà àti ewédú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, píà. Kò sídìí láti máa ra oúnjẹ olówó iyebíye inú páálí tówó ò bá sí.

Oyin ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú ẹ̀ tí ikùn ọmọ ò tíì lágbára láti bá jà. Kódà níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n bá fi oyin wúre tán, ẹ jẹ́ káwọn àgbà lá a. Ẹ̀pà odindi àti gúgúrú náà, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n máa ń há ọmọ lọ́fun.

Ọmọ mi kì í jẹun. Ṣé kí n máa rọ ọ́?

Ẹ má rọ ọmọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á da ògì sí i, ẹlòmíì á tún di imú ẹ̀ kó má rí ibi mí àfi kó gbé e mì. Ọmọ tó ń sunkún tí oúnjẹ kún ẹnu ẹ̀ lè fa oúnjẹ ọ̀hún sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ti pa ọmọ rí.

Tọ́mọ bá ti kọjá ọdún kan, kì í yára dàgbà bíi tìgbà tó wà ní ìkókó mọ́, torí náà oúnjẹ tó ń wù ú máa dínkù. Ìwọ̀n ẹ̀ nínú káàdì lẹ máa wò, ẹ má wo ọmọ aládùúgbò. Ẹ sì tún bi ara yín, kí ló ti jẹ láti àárọ̀? Bísíkítì ní aago mẹ́wàá, júùsì, ìpanu ìyá onílé, tó bá wá di aago kan ẹ gbé ìrẹsì síwájú ẹ̀ ẹ ń bá a jà. Ẹ yọ èyí tó wà láàárín kúrò, ẹ fún un ní àwo tiẹ̀, kó fọwọ́ jẹ ẹ́, kó fi pa ara. Tí ó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú tí kò jẹ mọ́, ẹ gbé e kúrò láìbínú.

Kí ló dé tí ọmọ mi kì í sùn lóru?

Tó bá jẹ́ ìkókó, jíjí lóru niṣẹ́ ẹ̀. WHO ní ọmọ oṣù 4 sí 11 nílò oorun wákàtí 12 sí 16 nínú ọjọ́ kan, tọ̀sán tòru lápapọ̀, ọmọ ọdún kan sí méjì nílò 11 sí 14. Torí náà ẹ kọ́kọ́ ṣírò oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Ọmọ tó sùn láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ wá sùn ní aago mẹ́jọ?

NEPA náà wà níbẹ̀. Iná lọ, fáànù dúró, ara ọmọ gbóná, ó jí, ìyẹn ò gba oògùn kankan. Ẹ fi aṣọ tútù nu ara ẹ̀, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì sí i lọ́rùn, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀, kò gbọdọ̀ sí pílò tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìtẹ̀léra kan náà lálaalẹ́, ìwẹ̀, oúnjẹ, nẹ́ẹ̀tì, orin, ara ẹ̀ á mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá kan ṣoṣo, ẹ bá bàbá ọmọ sọ ọ́ kó dín ohùn bọ́ọ̀lù kù.

Oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún tí wọ́n ń fún ọmọ "kó lè sùn dáadáa", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Wọ́n ní pípọ̀n ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ wọ́. Òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe máa ń là gbàrà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ìyá bá pọ̀n ọ́n, ó dára fún egungun ìbàdí ẹ̀, àwọn dókítà egungun fúnra wọn fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọ̀já gbé ìdí ọmọ dáadáa, kí imú ẹ̀ má sì wọ inú aṣọ.

Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀ wọ́pọ̀ lára ọmọ títí tó fi máa pé bí ọdún méjì, á tún ara ẹ̀ ṣe. Tó bá wá ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, tàbí tí ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ ọsibítù. Àìsí kálísíọ̀mù tó nínú oúnjẹ wà lára ohun tó máa ń fà á ní Nàìjíríà, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ máa lọ edé àti ẹja kéékèèké tegungun-tegungun sínú oúnjẹ ọmọ.

Ọmọ mi ń yọ eyín, ara ẹ̀ gbóná, ó sì ń yàgbẹ́. Oògùn eyín wo ló dáa?

Kò sí. Eyín lè mú kí erìgì dun ọmọ, kí itọ́ máa dà lẹ́nu ẹ̀, kó máa bínú, kó máa gé nǹkan jẹ. Eyín kì í fa ibà gbígbóná, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àsìkò tí eyín ń yọ yẹn náà lọmọ ń rákò, tó ń he gbogbo nǹkan ilẹ̀ sẹ́nu, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ibà gidi ti ṣe tí wọ́n ń sọ pé "eyín ni" títí tó fi pẹ́ jù. Ara gbóná, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà.

Ẹ rántí 2008. Oògùn eyín olómi kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, wọ́n ti po kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol mọ́ ọn, ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ó pa ọmọ tó ju 80 lọ. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni da oògùn eyín sí ọmọ lẹ́nu lójú mi. Aṣọ mímọ́ tó tutù tó máa gé jẹ ti tó. Tó bá sì jẹ́ eyín òkè ló kọ́kọ́ yọ, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ má dààmú.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá wá mú un ńkọ́?

Omi tó ń jáde ló máa ń pa ọmọ, torí náà omi lẹ máa dá padà. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi, wà ní kẹ́mísítì, kò wọ́n. Ẹ ka ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti líítà kan omi mímọ́, ìyẹn ni pọ́ọ̀ wọ́tà ńlá méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbẹ́. Tó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Oògùn zinc náà ń bá a rìn, miligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí ò tíì pé, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà tí ìgbẹ́ bá ti dúró. Ọmú àti oúnjẹ ò gbọdọ̀ dúró.

Tí ORS ò bá sí lóru yẹn, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó rí pẹrẹsẹ, sínú líítà omi kan. Ẹ má fojú díwọ̀n o, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu.

Ojú tó jìn wọlé, ẹkún tí kò lómi, ọmọ tí ò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọsibítù nísinsìnyí.

Àbẹ́rẹ́ àjẹsára, ìgbà mélòó ni?

Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Oṣù kẹfà ni fítámì A bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba. Tẹ́ ẹ bá pàdánù ìkan, ẹ ṣì lọ, nọ́ọ̀sì á jágbe mọ́ yín díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n máa gún un. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ti oṣù 15 jù, torí ọmọ ti ń rìn, ara ẹ̀ ti le.

Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lò wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ fún ìkókó?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo aláboyún gbọ́. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní èròjà kan tó, G6PD ni wọ́n ń pè é, ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin jù. Káńfọ̀ yẹn máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú ọmọ á pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú nìyẹn. Tí kò bá tètè rí ìtọ́jú ó lè wọ ọpọlọ, ó lè gba etí ẹ̀ tàbí ẹ̀mí ẹ̀. Fífọ aṣọ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ò tó o, ẹ wá aṣọ míì fún un. Àwọn ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà, ẹ má fi pa ìkókó.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ọmọ tuntun pọ́n, ẹ má gbé e sí oòrùn ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì, ọsibítù lẹ máa lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i ni, kíákíá.

Ọmọ ti ń rákò, ilé wa sì kéré. Kí ni kí n kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀?

Kẹrosíìnì tó wà nínú ìgò ohun mímu. Ọmọ mọ ìgò yẹn, ó ti rí yín tẹ́ ẹ ń mu nǹkan dídùn nínú ẹ̀. Tó bá ti mu ún, ẹ má mú kó bì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní mílíìkì. Bíbì yẹn gan-an ló máa gbé kẹrosíìnì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ ọsibítù, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni omi. Kẹ́tùlù tó wà nílẹ̀, omi gbígbóná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní "kí n kàn lọ mú omi tútù dé". Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù náà, ọmọ tó ń gbìyànjú láti dìde lè fi orí lọ sínú ẹ̀ kó má lè jáde, omi ọ̀hún ò ní láti pọ̀. Ẹ dé e tàbí kẹ́ ẹ da á nù.

Bátìrì pẹlẹbẹ inú rìmóòtù àti ohun ìṣeré, tọ́mọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀fun ẹ̀ láàárín wákàtí méjì, kò sí pé ẹ dúró kó yà á jáde. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wà ní kọ́rídọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé, èéfín tó ń pani nínú ẹ̀ ò ní òórùn, gbogbo ilé ló máa ń sùn lọ.

Ìgbà wo ni kí n yọ páńpásì? Owó ẹ̀ ti ń pa mí.

Ìyá àgbà máa ní oṣù mẹ́fà lẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n nà sílẹ̀, wọ́n á máa ṣe "ṣìììì", ọmọ á sì tọ̀. Mi ò bá wọn jà, ó ń dín páńpásì kù. Àmọ́ ìyá àgbà ló mọ àsìkò ìtọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Tọ́mọ fúnra ẹ̀, láàárín ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún mẹ́ta ló máa ń ṣe tán: á gbẹ fún wákàtí méjì, á máa lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti yàgbẹ́, á sọ pé "ìgbẹ́".

Ẹ ra póò, ẹ gbé e síbi kan náà, ẹ gbé e lé e tó bá jí àti lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ yọ páńpásì ọ̀sán kẹ́ ẹ tó yọ tòru. Títọ̀ sórí ẹní lóru títí ọdún márùn-ún kì í ṣe àìsàn, ẹ má gbé ẹní ọmọ síta kí àwọn ọmọ kọ́mpáùǹdì máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

Fóònù ló ń jẹ́ kí n ráyè dáná. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ràn WHO láti 2019 ni pé kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì má wo ó rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ò sí nínú kíṣìnì yín. Ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi ro àmàlà ò ní pa ọmọ. Èyí tí mò ń bá wí ni fóònù tó ń bá a jẹun, tó ń bá a sùn, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ilé á dàrú.

Ẹ gbé ìdérí ìkòkò àti ṣíbí onígi fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó máa lù ú. Ẹ fún un ní ewédú kó máa já a, á jẹ ìdajì ẹ̀, á fọ́n ìyókù sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣáà dí.

Tí mi ò bá ra nǹkan fún un, á da ara ẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọjà. Ṣé kí n nà án?

Ọmọ ọdún méjì nìyẹn, kò bàjẹ́. Ó mọ ohun tó fẹ́, kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́, kò sì lè dúró. Nínú ọjà Bódìjà àwọn ìyá aláta á ti máa pín ìmọ̀ràn, èyí á ní "gbá a létí", tọ̀hún á ní "ṣebí pọfupọ́ọ̀fù lásán ni, ẹ rà á fún un jàre". Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bá a, "mo gbọ́, inú ń bí ẹ, a ò ní rà á." Kẹ́ ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé rárá, tẹ́ ẹ wá rà á nítorí ojú ayé, ẹ ti kọ́ ọ ní iye tí ẹkún ń ra nǹkan. Ẹ̀bi àgbà náà wà níbẹ̀ o, ta ló gbé ọmọ tí ebi ń pa tí oorun ń kùn lọ ọjà ní aago méjì ọ̀sán?

Ní ti ẹgba, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, apá àkọ́kọ́ nìkan lọ̀pọ̀ ń rántí. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ò lè so ẹgba mọ́ ohun tó ṣe, fífarapamọ́ ló máa kọ́. Ẹ gbé nǹkan kúrò níwájú ẹ̀, ẹ gbé òun náà kúrò níbẹ̀. Ojú tí àwọn ìyá wa máa ń mọ́ wa tí gbogbo ara wa fi ń wálẹ̀, ó dáa, àmọ́ ó di bí ọdún mẹ́rin márùn-ún kó tó yé e. Tínú bá wá ń bí yín gan-an, ẹ gbé ọmọ kalẹ̀ kẹ́ ẹ bọ́ síta. Ẹ má gbọn ọmọ jìgìjìgì láéláé, ó lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́.

Yorùbá ni kí n máa sọ sí i ni àbí Òyìnbó? Wọ́n ní èdè méjì máa ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀.

Èdè méjì kì í jẹ́ kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ Yorùbá sí i, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ dénú, tẹ́ ẹ lè fi ki í ní oríkì, tẹ́ ẹ lè fi bá a ṣeré. Òyìnbó ń bọ̀ wá bá a ní ilé ìwé, kò ní ṣì í. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Òyìnbó gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ yẹn ò sì rẹ̀yìn nínú Òyìnbó, wọ́n tún mọ ìwé ju àwọn tó fi Òyìnbó kọ́ gbogbo nǹkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, ọmọ á máa fi Òyìnbó dá yín lóhùn. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ fún àwọn òbí yín ní fóònù kí wọ́n máa pa àlọ́ fún un, "òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ẹ̀wà ni, á fẹ́ fi dán tísà ẹ̀ wò.

Ọmọ mi ti pé ọdún méjì, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin máa ń pẹ́.

Ẹ má fi "ọkùnrin máa ń pẹ́" sùn. Tó bá ti pé ọdún méjì, ó yẹ kó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, "màmá wá", "gbé mi". Tí ò bá dáhùn sí orúkọ ẹ̀, tí kò fi ìka júwe nǹkan fún yín nígbà tó pé ọdún kan ààbọ̀, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ gbé e lọ. Etí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ọsibítù UCH n'Ìbàdàn àti LUTH l'Ékòó ń ṣe é. Gígé awọ abẹ́ ahọ́n lọ́dọ̀ olóòlà kò lè la ohùn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Tí ibà pọ́njú bá ṣe é nígbà tó wà ní ìkókó, ẹ sọ fún dókítà.

Bàbá ọmọ ní òun ń wá owó. Kí ni kí n ní kó máa ṣe?

Ẹ má ní kó "máa ràn yín lọ́wọ́", ẹ fún un ní nǹkan kan tó jẹ́ tiẹ̀ pátápátá. Ìwẹ̀ alẹ́, bí àpẹẹrẹ. Òun ló máa gbé omi, òun ló máa wá táwẹ́ẹ̀lì, òun ló máa fi òrí pa á lára, tó bá wọ aṣọ sódì fún un, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti ṣe é rí tí ìyàwó dúró sẹ́yìn ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́", wọ́n gbé ọmọ fún un padà, ó parí.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kó béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ọmọ tuntun ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún tiwọn ní ọjọ́ 10 láti 2014. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa fi gba àlejò lálejò o.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa wẹ ọmọ, a ò gbọ́ ara wa yé. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ láìdi ìjà?

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó léwu sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò kàn wù yín. Kànrìnkàn, òrí, orin, oríkì, fífà ọmọ lápá lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n ti wẹ ọmọ kí wọ́n tó bí yín. Èyí tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ gbà kò pọ̀: omi àti àgbo kó tó pé oṣù mẹ́fà, omi tó gbóná ju ohun tí ìgúnpá lè fara dà lọ, jíju ọmọ sókè, àti ohunkóhun lórí ìdodo. Gẹ́ẹ̀lì apakòkòrò tó ń jẹ́ chlorhexidine tí wọ́n ń fún wa ní ọsibítù ni ti ìdodo, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe aṣọ gbígbóná. Tí ìdodo bá wá yọ síta tọ́mọ bá ti dàgbà díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù á wọlé fúnra ẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́rin márùn-ún, owó kọ́bọ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ ọn ò ṣe nǹkan kan. Àfi tó bá le, tó ń dun ọmọ, ìyẹn di ti ọsibítù.

Ẹnu ọkọ yín ni ọ̀rọ̀ ti máa jáde, kì í ṣe ẹnu yín, ọmọ wọn ni. Kí ó sì sọ ọ́ nígbà tí wọ́n jẹun tán tára tu wọ́n, kì í ṣe nígbà tí ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ wọn tí omi ń dà. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ tó bá gbà á.

Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ mú wọn lọ sí ibi àbẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn gbé ọmọ jókòó síwájú, kẹ́ ẹ wá nọ́ọ̀sì tó ti dàgbà díẹ̀, tó máa pè wọ́n ní màmá, tó máa kọ́kọ́ kí wọn kú iṣẹ́ ọmọ kó tó sọ ti omi. Tẹ́ ẹ bá délé, àwọn ni wọ́n máa wá kọ́ yín pé ọmọ kì í mu omi kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ ní "ẹ ṣé mà".